Ọ̀dọ́kùnrin Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Rẹ̀ Lórí Alùpùpù

Orí alùpùpù ni ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí oòrùn fi dúró sí àtàrí. Ààfin Baálẹ̀ wa ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Pobè lọ sí Sakété. Baálẹ̀ ni oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n Kábíyèsí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé ẹni tó bá pè é ní Baálẹ̀ lásán, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tètè yá.

Fortuné ni olùjẹ́jọ́. Ọmọ Yoko ni. Ó ka ìṣirò ní yunifásítì títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ń fi alùpùpù rẹ̀ ṣe zẹ́mì, ó ń gbé èrò káàkiri, títí iṣẹ́ ìjọba yóò fi rántí rẹ̀. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Àlọ́ ni kí ẹ pa fún un, ẹ ti fún un lóúnjẹ. Bí kò bá sì rí ẹni tó máa pàlọ́ fún un, á mú ohun tó rọrùn, á sọ ọ́ di àlọ́, á wá jókòó tì í pé òun ń já a.

Ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ni Bàbá Bonaventure, bàbá Laure. Laure ni ọmọbìnrin tí Fortuné fẹ́ fi ṣaya. Obì ìtọrọ ti wọlé, ìdána kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fortuné wọ ààfin, tó wo ojú àna rẹ̀, ó rí i pé bí òun kò bá ṣọ́ ẹnu òun, gẹ́gẹ́ bí àpọ́n lòun máa padà sí Yoko.

Baálẹ̀ jókòó dáadáa.

"Bonaventure, kí ni ọmọ yìí ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ìyẹn gan-an lẹjọ́ mi. Ó fò mí dá."

"Ó fò ọ́ dá báwo?"

"Mo dúró níwájú ilé mi lójú ọ̀nà Yoko, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. A gbọ́ ìró alùpùpù. Mo wò ó, mo rí àna mi. Mo ní, 'Ẹ fi ayò yẹn sílẹ̀ ná, ẹ wá wo ọmọ tó kàwé. Ẹ wo bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo bó ṣe máa nà gbalaja sínú eruku.' Mo tún fìlà mi ṣe. Mo na ọwọ́ báyìí. Mo di ojú. Mo ti ń súre sílẹ̀, Kábíyèsí! Mo ti ń wí pé, 'Ó tó, ọmọ mi, dìde, wàá bí, wàá tọ́.' Nígbà tí màá fi la ojú, eruku ni mò ń súre fún."

Àwọn ìgbìmọ̀ ké "Hẹ̀ẹ́!"

"Kò sọ̀ kalẹ̀?"

"Kò sọ̀."

"Kò dúró?"

"Ìdúró wo? Ìdí ni mo rí, Kábíyèsí. Ó gbé ìdí sókè sí mi bí àgbébọ̀ tó ń mumi."

Ọ̀tún Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga. Eyín rẹ̀ kò ju méjì lọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mú.

"Bonaventure, ìdí kò lójú, kò nímú. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ti àna rẹ ni?"

"Ọ̀tún, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló yíjú sí mi, wọ́n ní, 'Bonaventure, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àna ní yunifásítì nìyẹn?' Láti ọjọ́ náà, mi ò lè dé ìdí ayò mọ́. Bí mo bá ti dé, wọ́n á gbé ìdí sókè kí mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sọ ọ́ di ikọ́.

"Kí lo wá fẹ́ kí á ṣe?"

"Obì wọn wà nílé, Kábíyèsí. A kò tíì jẹ ẹ́ tán. Kó wá kó ìyókù."

Laure jókòó láàárín àwọn obìnrin. Fortuné yọ́jú wò ó. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Laure ń wò.

"Ìwọ ọmọ ìwé," ni Baálẹ̀ wí, "ẹnu rẹ rèé."

Fortuné dìde, ó tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. "Kí ẹ pẹ́, Kábíyèsí. Mo dọ̀bálẹ̀."

"Níbo?"

"Lórí alùpùpù."

Gbogbo ààfin yíjú sí i. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pàápàá gbórí sókè.

"Tún un wí."

"Orí alùpùpù ni mo ti dọ̀bálẹ̀, Kábíyèsí. Gbalaja! Àyà mi kan táǹkì epo. Táǹkì jókòó sórí irin. Irin jókòó sórí táyà. Táyà kan ilẹ̀. Ohun tó bá kan ohun tó kan ilẹ̀, òun náà kan ilẹ̀. Nítorí náà, àyà mi kan ilẹ̀ níwájú Bàbá. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé mò ń rìn lọ nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ilé ló ti tò ó pọ̀, ó sì ti dá ara rẹ̀ láre níbẹ̀, ó tún kí ara rẹ̀ kú oríire. Ohun tí kò rò ni pé kò sí Ọ̀tún nínú yàrá òun.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀tún wí. "Akọpẹ tó wà lókè, tó gbá ọ̀pẹ mọ́ra, ṣé àyà rẹ̀ kan ọ̀pẹ?"

"Ó kàn án, Bàbá."

"Ṣé ọ̀pẹ kan ilẹ̀?"

"Ó... ó kàn án."

"A jẹ́ pé gbogbo akọpẹ Pobè ló ń dọ̀bálẹ̀ fún wa lójoojúmọ́ ayé, àwa la kò mọ̀ ká sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde."

Ẹ̀rín bú. Fortuné náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń fi rín.

"Yéé pa òwe táyà fún mi," ni Baálẹ̀ wí. "Kí ló dé tí o kò sọ̀ kalẹ̀?"

"Sùpọ́ọ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ta ni Sùpọ́ọ̀? Ẹ pè é wá."

"Kì í ṣe ènìyàn, Kábíyèsí. Ohun ìdimú ni. Wọ́n máa ń so ó mọ́ ọwọ́ alùpùpù, kí fóònù lè jókòó síbẹ̀, kéèyàn máa wò ó bó ṣe ń lọ."

"Kéèyàn máa wo fóònù, kó tún máa gun alùpùpù?"

"Ọ̀nà ni mò ń wò nínú rẹ̀."

"Ọ̀nà wà nílẹ̀, o ń wò ó nínú fóònù?"

"Mo fẹ́ mọ èyí tó yá jù nínú àwọn ọ̀nà tó ti Yoko já sí Sakété ni, Kábíyèsí."

"Ibo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Yoko."

"Ibo lo ti lọ sílé ìwé?"

"Sakété."

"Kí lo máa ń gùn lọ?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Fóònù wá sọ ọ̀nà tó yá fún ọ?"

Fortuné họ imú. "Ó ní kí n yà sínú oko ẹ̀gẹ́ kan."

"O kò kúkú yà?"

"Mo yà díẹ̀."

Baálẹ̀ wo Ọ̀tún. Ọ̀tún wo òrùlé.

"Nígbà tí mo fi máa jáde nínú ẹ̀gẹ́," ni Fortuné sáré wí, "gbágungbàgun ti tú sùpọ́ọ̀. Bí mo ṣe dé iwájú ilé Bàbá, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tún mi orí. Iyanrìn kún ojú ọ̀nà, èrò wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá yọ ọwọ́ kan, gbogbo wa la máa ṣubú. Bí mo bá tẹ ìjánu, fóònù á fò síwájú. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́kù tí kò ṣiṣẹ́ lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi eyín mú un."

"Kí o jẹ́ kó fò!"

"Kì í ṣe fóònù mi, Kábíyèsí. Ti Laure ni. Tèmi bà jẹ́, ó yá mi ní tirẹ̀. Bàbá ló sì rà á fún un nígbà tó yege ìdánwò BAC. Kábíyèsí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, fóònù tí àna mi rà yóò fọ́. Bí n kò bá sọ̀ kalẹ̀, àna mi á bínú. Ọ̀nà kẹta wo ló wà?"

"Kí o má ra sùpọ́ọ̀," ni Ọ̀tún wí.

Gbogbo ọ̀nà tí Fortuné ti fi ọ̀rọ̀ náà rò láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà yìí kò sí nínú wọn.

Bonaventure ti dìde. "Ẹ dúró ná. Fóònù ọmọ mi lo fi eyín mú?"

"Jẹ́jẹ́ ni mo mú un, Bàbá."

"Jẹ́jẹ́ wo?" Laure ló dáhùn. Ó yọ fóònù náà, ó gbé e sókè kí gbogbo ìgbìmọ̀ lè rí i. "Kábíyèsí, àpá eyín rẹ̀ rèé, lókè àti nísàlẹ̀. Bí mo bá ń gba ìpè báyìí, àwọn ẹgbẹ́ mi á ní kí n fún àwọn jẹ nínú àgbàdo náà."

"Laure," ni Baálẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "yàtọ̀ sí ti fóònù, ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Kábíyèsí. Ìwà òmùgọ̀ rẹ̀ kò le. Ó kàn pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ilé tí bàbá mi kò ní bá mi wọ̀. Bí Bàbá bá ní rárá, rárá náà ni."

Ara Fortuné tutù. Láti àárọ̀ ló ti ń bá ẹjọ́ náà ṣeré bí ẹni ń ta ayò. Ọ̀rọ̀ tí Laure sọ yìí kò ní ihò tí ọgbọ́n kankan lè bá wọlé.

"Ẹlẹ́rìí dà?" ni Baálẹ̀ wí.

Munirat ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ará Nàìjíríà ni, ó ń ta ohun èlò fóònù lọ́jà Pobè. Ó kúnlẹ̀, ó fi páálí pélébé kan síwájú.

"Ìwọ lo ta sùpọ́ọ̀ fún un?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ojúlówó ni, wàláì. Ẹ wo páálí rẹ̀. Ẹ wo òyìnbó yìí lórí òkè pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Ṣé fóònù rẹ̀ mì?"

"Àwòrán kì í mì," ni Ọ̀tún wí. "Páálí ni ojúlówó, àbí ohun inú rẹ̀?"

"Páálí ni mo lè búra fún."

"Ohun inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó o sínú rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n o sọ fún ọmọ yìí pé ojúlówó ni."

"Mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́ ni."

Fortuné kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n Munirat! Ẹ ní bí mo bá gbé e gun òkè Ìdàṣà, kò ní mì!"

"Ṣé o gbé e gun òkè Ìdàṣà?"

"Rárá."

"Ọ̀rọ̀ mi kò tíì di irọ́ nìyẹn." Munirat yíjú sí Baálẹ̀. "Kábíyèsí, èyí tó dára wà nílẹ̀. Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó wo ìkejì rẹ̀, ó ní ìrísí kan náà ni wọ́n ní, a jẹ́ pé nǹkan kan náà ni wọ́n, kí ni mo fi ń pe ọ̀kan ní ọ̀wọ́n? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó tún ń ná an. Ẹni tó bá ń ná ojúlówó wálẹ̀, tó ń ná an wálẹ̀, ayédèrú ló máa bá nísàlẹ̀."

"O ti gbà pé ayédèrú ni?"

"Ojúlówó ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, Kábíyèsí."

Wọ́n ní kó máa jókòó. Wọ́n pe Jérôme káfíńtà, èrò tó wà lẹ́yìn alùpùpù lọ́jọ́ náà. Fortuné mí kanlẹ̀. Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ nìyí. Fortuné ló fi ẹ̀wà àti gàrí ṣe é lálejò láàárọ̀ náà, tó tún fi ẹja lé e.

"Jérôme, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé ó kí àna rẹ̀?"

"Ó kí i dáadáa, Kábíyèsí. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Mmmh.'"

"'Mmmh' ni ìkíni?"

"Fóònù wà lẹ́nu rẹ̀, Kábíyèsí. Bí kò bá sí fóònù, ìkíni gidi ni ì bá jẹ́."

"Apá ibo ni Bonaventure dúró sí?"

"Apá ọ̀tún."

"Apá òsì ni ilé mi wà!" ni Bonaventure ké.

"Apá òsì náà ni. Ẹ̀yìn ni mo kọjú sí, ló jẹ́ kó yí mọ́ mi lójú."

"Kí lo ń wò lẹ́yìn?" ni Ọ̀tún bi í.

"Ibi tí màá fò sí, Bàbá."

"Ìwọ tí o kọjú sẹ́yìn, báwo lo ṣe rí ìkíni níwájú?"

"Mo yíjú padà. Mi ò rí orí rẹ̀ mọ́. Mo ní ó ti já bọ́, èmi nìkan ni mo kù lórí alùpùpù. Mo pariwo Jésù. Lẹ́yìn náà ni mo wá la ojú..."

"O di ojú?"

"Díẹ̀."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Jérôme, tú u palẹ̀ fún mi. Kí ni ojú rẹ rí?"

Jérôme wo Fortuné tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó fẹ́ san oore ẹja. "Ìdí ni, Kábíyèsí. Ó ga ju orí mi lọ."

"Ẹ gbọ́!" Bonaventure fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ nìyẹn!"

Fortuné fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Kábíyèsí, àwáwí ni gbogbo èyí," ni Bonaventure ń wí lọ. Inú rẹ̀ ti ń dùn. "Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, bí sùpọ́ọ̀ ń jó, bí ó ń gbọ̀n, ọwọ́ kan tó o. Ọwọ́ kan! A fi ọ̀kan di fóònù, a fi ọ̀kan darí, a sọ̀ kalẹ̀, a kí àgbà. Mo ti ń gun alùpùpù kí wọ́n tó bí i."

"Ṣé ìwọ lè ṣe é?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Bí mo bá ń sùn, mo lè ṣe é."

"Ẹ gbé alùpùpù náà wọlé."

Wọ́n gbé e wá sí àgbàlá, níbi tí gbòǹgbò ọ̀pẹ ti gbé ilẹ̀ sókè bí iṣan ọwọ́ àgbẹ̀. Munirat tún sùpọ́ọ̀ náà so, ó fi gbogbo agbára lọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ní "Bísímílà." Ó wá kù ká rí fóònù tí wọ́n máa fi sí i. Baálẹ̀ wo Ọ̀tún. Ọ̀tún bo àpò rẹ̀. Laure ki tirẹ̀ bọ abẹ́ ìró. Ààfin tí fóònù ti ń dún láti àárọ̀, kò sí fóònù kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mọ́.

"Bonaventure, ìwọ lo lọ́rọ̀. Mú tìrẹ wá."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó. Bonaventure rọra fa fóònù rẹ̀ yọ, fóònù gbàgìdì tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Libreville. Ó fi etí aṣọ nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó gbé e sínú sùpọ́ọ̀, ó gun alùpùpù, ó ṣáná sí i.

Ó yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀kan. Fóònù jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹ rí i?" ni Bonaventure ń ké. "Ọwọ́ àgbà nìyẹn!"

Ó tún yí i. Fóònù mi orí.

"Bàbá, ó ti bẹ̀rẹ̀ o," ni Fortuné wí.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!"

Alùpùpù gun gbòǹgbò kan. Rọ́bà sùpọ́ọ̀ já. Nọ́ọ̀tì fò, ó ba fìlà Ọ̀tún. Fóònù Libreville dojú kọlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ odò.

"Ọwọ́ kan, Bàbá!" ni Fortuné ké. "Ọwọ́ kan!" Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó rántí pé ìyàwó lòun wá gbà.

Bonaventure yọ ọwọ́ kan. Alùpùpù fẹ́ wọ inú àwọn obìnrin. Ó sáré dá ọwọ́ náà padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ààfin rí i: àgbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ara lé táǹkì, ó ya ẹnu, ó sì gbé fóònù já.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Huguette wọlé pẹ̀lú agbada gàrí lórí. Ẹ̀gbọ́n ìyá Laure ni, ó ń ta gàrí ní Sakété. Láti ọjọ́ tí Bonaventure ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, kò kí i ní ìnàró rí. Lánàá, ó kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìdí lókè. Kò lè dúró. Ó yí àgbàlá ká, ó tún fi ìdí náà kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òkìtì ìdì ẹyìn ló wá dá alùpùpù dúró.

Ìyá Huguette rọra sọ agbada rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo kí yín o, Kábíyèsí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ìdí tó kí mi lẹ́ẹ̀mejì yẹn?"

"A ń wádìí rẹ̀ lọ́wọ́," ni Ọ̀tún wí.

Bonaventure yọjú lẹ́yìn òkìtì ẹyìn, fóònù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bonaventure! Ìwọ ni? Èmi tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọn ìyàwó rẹ? Èmi tí mo sọ fún bàbá wa pé, 'Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ, kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn kí'?"

Ó yọ fóònù lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀."

"Níbo?"

Bonaventure gbójú sókè. Ó wo Baálẹ̀. Ó wo Ọ̀tún. Ó wo Fortuné. Fortuné ń wo igi ọ̀pẹ bí ẹni tí kò rí ọ̀pẹ rí.

"Lórí alùpùpù," ni Bonaventure wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Jérôme ṣubú lórí ìjókòó. Ọ̀tún ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ sọ fún un kó dìde! Ẹ sọ fún un kó dìde!" Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Munirat! Sùpọ́ọ̀ rẹ ti kú lójú gbogbo wa. Ojúlówó lo ní o tà, ojúlówó lo sì gbọ́dọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Títí di ọjà Pobè tó ń bọ̀, ìwọ gan-an ni sùpọ́ọ̀. Wàá jókòó lẹ́yìn Fortuné, wàá na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, wàá di fóònù mú síwájú rẹ̀."

"Ha, Kábíyèsí! Ọwọ́ mi ò ní lè gbà á."

"Kí ló dé? Ṣé ayédèrú lọwọ́ náà?"

Munirat wo ọwọ́ rẹ̀.

"Bonaventure! Dọ̀bálẹ̀ fún Huguette. Orí ilẹ̀ ni o. Má sì dìde títí tó fi máa sọ̀rọ̀ tán."

Àwọn obìnrin kẹ́dùn. Gbogbo Sakété ló mọ̀ pé Ìyá Huguette kì í sọ̀rọ̀ tán. Ó máa ń sinmi ni.

"Fortuné! Àna rẹ lo ṣẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà nílẹ̀, ìwọ náà wà nílẹ̀ fún un. Ọmọ kì í sì í ga ju àna rẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yìn rẹ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bí ó bá ga jù ú lọ, bí ó bá tilẹ̀ bá a dọ́gba, kí o lọ kó ìyókù obì rẹ. Bí o bá ṣe é dé òpin, ìdána dúró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìdí kí Bonaventure mọ́."

"Kábíyèsí, Bàbá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti tán."

"Ìwọ tí o rí ilẹ̀ lórí táǹkì epo, lọ wá ilẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀."

Fortuné dúró. Ojú tì í láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn díẹ̀: àlọ́ gidi rèé. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó wo Laure. Laure fi àgbọ̀n tọ́ka sí ara ògiri, níbi tí ọkọ́ ààfin fẹ̀yìn tì.

Ìwé ẹ̀rí ìṣirò kò wúlò fún ohun tó kàn. Fortuné bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé róró. Àna rẹ̀ sanra, ikùn gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni àánú tó rí gbà lánàá. Nígbà tó rí i pé ó tó, ó nà gbalaja sínú kòtò náà. Ìjàlọ rí i, wọ́n kí i káàbọ̀.

Lókè, Ìyá Huguette ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n bí ìyàwó rẹ, òjò ń rọ̀..."

Oòrùn ń ta Bonaventure lọ́rùn. Nínú ìtàn náà, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín.

"Fortuné," ni ohùn kan wí wẹ́lẹ́ létí kòtò.

"Bàbá."

"Ṣé ibẹ̀ tutù?"

"Ó tutù bí ẹ̀yìn àmù, Bàbá."

"...nígbà tó fẹ́ rìn," ni Ìyá Huguette ń wí, "ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú? Èmi ni! Nígbà tó ṣubú..."

Bonaventure fi àyà fà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí aláǹgbá. Ó dé etí kòtò.

"Àna mi," ló wí, "sún díẹ̀."

Laure gbọ́ "àna mi" náà, ó fi etí ìró bo ẹnu. Fortuné náà gbọ́ ọ. Ayọ̀ fẹ́ gbé e dìde, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń ṣírò: bí Bàbá bá bọ́ sínú kòtò, àwọn méjèèjì á dọ́gba, ẹni tó bá sì bá àna rẹ̀ dọ́gba, obì á padà.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Bàbá," ló wí. Ó na ọwọ́ jáde, ó fa ọkọ́ wọlé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀.